Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Sáà Bọ́ọ̀lù Ikọ̀ Carlisle ní Ọdún 1912

Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá ọdún 1912, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ilé-ìwé kan ní ìlú Carlisle, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, kópa nínú ìdíje 14. Wọ́n borí nínú 12, wọ́n ta ọ̀mì nínú ẹyọ kan, wọ́n sì pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí nígbàkúùgbà tí mo bá dárúkọ ikọ̀ náà. Mo fara balẹ̀ dáhùn wọn, nítorí pé ìtàn yìí ti wọ̀ mí lára púpọ̀, n kò sì fẹ́ kí a máa sọ ọ́ ní ààbọ̀.

Irú bọ́ọ̀lù wo ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù 11 ní ìhà kọ̀ọ̀kan máa ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n máa ń jù síra wọn, tí wọ́n sì tún máa ń fi ẹsẹ̀ gbá nígbà mìíràn. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto. Ó ṣe ṣónṣó ní orí àti ìdí. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà òpin àwọn alátakò ti jẹ touchdown, èyí tí àmì ayò rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá náà yóò gba àmì, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àwọn alátakò ni láti di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀. Lóde òní, àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, bíi Adewale Ogunleye àti Olumuyiwa Fashanu, ti gbá a dé ipele àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 1912, eré àwọn ilé-ìwé gíga ni àwọn òǹwòran ń wọ́ tẹ̀lé jù lọ.

Ṣé yunifásítì ni Carlisle?

Rárá o, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wúwo. Ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1879 fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ni, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Inú bárékè sójà àtijọ́ ni wọ́n kó wọn sí. Richard Henry Pratt, ẹni tí í ṣe ọ̀gágun, ló dá a sílẹ̀, ó sì sọ ète rẹ̀ ní gbangba: kí á pa ẹ̀yà àti àṣà tó wà nínú ọmọ náà, kí á sì gba èèyàn inú rẹ̀ là. Wọ́n gé irun àwọn ọmọ, wọ́n gba aṣọ ìbílẹ̀ lára wọn, wọ́n wọ̀ wọ́n ní aṣọ bí ti ológun, wọ́n sì fi òfin de èdè abínibí wọn.

Luther Standing Bear, ọmọ ẹ̀yà Lakota tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ròyìn bí wọ́n ṣe kọ àwọn orúkọ òyìnbó sára pátákó, tí wọ́n sì fi ọ̀pá lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ pé kó na ọ̀pá náà sí èyí tí yóò máa jẹ́. Ọmọ náà kò mọ̀wé kà. Kò mọ ohun tí àmì funfun tó wà lára pátákó náà túmọ̀ sí. Ibi tí ọ̀pá rẹ̀ bá ti kan ni orúkọ rẹ̀ títí ayé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé gan-an ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbàgbé. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn rí láti òwúrọ̀ di ìgbà tí a ṣíwọ́, nítorí pé mo fi Yorùbá bèèrè omi lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. N kò fi tèmi wé tiwọn, nítorí pé mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi sì bá mi sọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Carlisle kò fojú kan ilé fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe wá ń bá Harvard díje?

Àwọn ọmọ náà ló béèrè fún un. Ní ọdún 1890, ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí pápá, Pratt sì fi òfin de bíbá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn bí 40 kó ara wọn lọ bá a nínú ọ́fíìsì láti bẹ̀ ẹ́. Ó gbà pẹ̀lú àdéhùn méjì: wọn kò gbọdọ̀ kan alátakò lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ borí ikọ̀ tó lágbára jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà láìpẹ́ ọjọ́.

Ní ọdún 1899, Glenn Warner, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Pop, di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ó lọ ní ìparí sáà 1903, ó sì padà dé ní 1907. Àwọn ọmọ Carlisle kò sanra tó àwọn alátakò wọn, wọn kò sì pọ̀ tó wọn, nítorí náà eré sísá àti ọgbọ́n ni wọ́n gbára lé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọgbọ́n náà ni ti ìdíje wọn pẹ̀lú Harvard ní 1903. Wọ́n ti rán rọ́bà sí ìdí ẹ̀wù ọ̀kan nínú wọn, Charles Dillon. Nígbà tí Harvard gbá bọ́ọ̀lù wá, àwọn ọmọ Carlisle ṣù jọ, wọ́n ki bọ́ọ̀lù bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù Dillon, lẹ́yìn náà wọ́n tú ká, oníkálùkù ń sáré bí ẹni pé ọwọ́ òun ló wà. Dillon sáré la àárín gbogbo wọn kọjá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró títí ó fi kọjá ìlà òpin. Harvard ló borí lọ́jọ́ náà, 12 sí 11, ṣùgbọ́n títí dòní, ìtàn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀wù ni àwọn èèyàn ń rántí.

Ní ọdún 1906, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kú lórí pápá tí Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ sì ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, òfin gba jíjù bọ́ọ̀lù síwájú láyè. Àwọn ilé-ìwé ńlá fojú kékeré wò ó. Carlisle gbà á mọ́ra, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń jù ú kó máa yí bí òkòtó nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì fi í da Yunifásítì Pennsylvania láàmú ní 1907, wọ́n borí wọn 26 sí 6. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún 1911, wọ́n ti borí Harvard pàápàá, 18 sí 15.

Kí ló yí padà nínú òfin eré náà ní ọdún 1912?

Ohun tó yí padà pọ̀, ó sì bá ikọ̀ tó lè sáré lára mu. Wọ́n dín gígùn pápá kù sí yáàdì 100, wọ́n sì fi ààyè yáàdì 10 kún un ní òpin kọ̀ọ̀kan níbi tí a ti lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù. Àmì touchdown kúrò ní 5, ó di 6. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni ikọ̀ lè gbìyànjú láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10 kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wọn; ní 1912, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n sì mú òfin tó ní kí jíjù bọ́ọ̀lù má ju yáàdì 20 lọ kúrò. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lónìí, òfin ọdún yẹn ló ṣì ń wò ní pàtàkì.

Báwo ni sáà náà ṣe lọ?

Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, wọ́n borí Albright 50 sí 7, Lebanon Valley 45 sí òdo, Dickinson 34 sí òdo, àti Villanova 65 sí òdo: ìdíje mẹ́rin láàárín ọjọ́ 12. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni wọ́n ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Washington and Jefferson. Lẹ́yìn náà, wọ́n borí Syracuse 33 sí òdo, Pittsburgh 45 sí 8, àti Georgetown 34 sí 20. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn Georgetown, wọ́n ti wà ní Toronto, ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti borí àkójọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú náà 49 sí 1. Ẹ̀yin tó bá ń ṣe kàyééfì lórí àmì 1 yẹn, wọ́n fi òfin Kánádà gbá apá kan ìdíje náà, òfin ọ̀hún sì máa ń fúnni ní àmì ẹyọ kan fún bọ́ọ̀lù tí a bá gbá wọ ẹ̀yìn ìlà òpin. Lehigh ló kàn, 34 sí 14, lẹ́yìn náà ni ikọ̀ ológun ní West Point, tí n óò sọ lọ́tọ̀. Wọ́n pàdánù lọ́wọ́ Pennsylvania, 34 sí 26, wọ́n borí Springfield 30 sí 24, wọ́n sì fi Brown parí rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, 32 sí òdo.

Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n jẹ àmì ayò 504, àwọn alátakò sì jẹ 114. Ọ̀pọ̀ nínú ìdíje wọ̀nyí ló jẹ́ pé ìlú oní-ìlú ni wọ́n ti gbá a, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹwòran pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni owó ìwọlé wà. Inú ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti lo ìdajì sáà náà.

Ta ni Jim Thorpe?

Ọmọ ẹ̀yà Sac and Fox ni, láti ilẹ̀ tó di Oklahoma lónìí. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Wa-Tho-Huk, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí Ọ̀nà Tó Mọ́lẹ̀. Ìbejì ni wọ́n bí i. Ìkejì rẹ̀, Charlie, kú nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọdé. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí kí ọ̀kan nínú ìbejì lọ kí ìkejì kù.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i ní Carlisle kò gùn. Ní ọdún 1907, ó ń kọjá lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, àwọn tó ń díje fífò sókè sì ti pa igi tí wọ́n ń fò kọjá tì nítorí pé ó ti ga jù fún wọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó fò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Warner ránṣẹ́ pè é.

Ní oṣù Keje ọdún 1912, ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, ó gba mẹ́dà wúrà méjì ní ìdíje Òlíńpíìkì, ọ̀kan nínú eré alápá márùn-ún, èkejì nínú eré alápá mẹ́wàá. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó ti wà lórí pápá bọ́ọ̀lù. Òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, òun ló ń fi ẹsẹ̀ gbá a, òun náà ló tún ń gbé alátakò ṣánlẹ̀, nítorí pé láyé ìgbà náà, ẹni tó bá wà ní ìhà ìkọlù ló tún ń dúró ní ìhà ìdáàbòbò. Touchdown tó jẹ ní sáà náà kò dín ní 25.

Ṣé Thorpe nìkan ló ṣe é ni?

Ó dùn mí pé àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gus Welch, ọmọ ẹ̀yà Ojibwe, ló ń darí eré lórí pápá. Òun ló ń pinnu ẹni tí bọ́ọ̀lù yóò lọ sọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Joe Guyon, tí òun náà jẹ́ Ojibwe, lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà á sínú ilé ìrántí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀rẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gba Thorpe. Alex Arcasa, Joe Bergie àti Pete Calac náà wà níbẹ̀. Láìsí àwọn tó ń la ọ̀nà níwájú, kò sí bí ẹsẹ̀ Thorpe ṣe lè yá tó tí kò ní ká sí àárín alátakò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní West Point?

West Point ni ilé-ìwé tí Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn ọ̀gágun rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ Carlisle wọ ibẹ̀. Ọdún 22 péré ló ti kọjá láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti pa àwọn Lakota, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ní Wounded Knee. Baba àti àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ Carlisle wà lára àwọn tí ogun bẹ́ẹ̀ lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, àwọn tó sì dúró ní ìhà kejì pápá ni yóò di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun kan náà. Wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni rán wọn létí.

Warner ti fi ètò tuntun kan pamọ́ de ọjọ́ náà. Dípò kí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù dúró gbágbáágbá sẹ́yìn, ó pín wọn sí ìhà ọ̀tún àti òsì bí ìyẹ́ ẹyẹ, débi pé àwọn ológun kò mọ ìhà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà. Ikọ̀ ológun ló kọ́kọ́ jẹ touchdown, ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù gbígbá tó yẹ kó fún wọn ní àmì kan sí i, ó sì dúró ní 6. Carlisle jẹ tiwọn, wọ́n gbá èyí tó tẹ̀ lé e wọlé, ó di 7. Bí wọ́n ṣe lọ sinmi nìyẹn, 7 sí 6.

Nígbà tí wọ́n padà dé, inú ti ń bí àwọn ológun. Leland Devore, balógun ikọ̀ wọn, tó tóbi ju gbogbo ẹni tó wà lórí pápá lọ, ni wọ́n ti fi síwájú Joe Guyon, Guyon sì ti ń dà á láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀. Devore kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ya lu Guyon lọ́nà tí òfin kò gbà, rẹfirí sì lé e kúrò lórí pápá níwájú àwọn èèyàn tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Carlisle nìkan ló ń jẹ. Ní gbogbo ìdíje náà lápapọ̀, Arcasa jẹ touchdown mẹ́ta, Bergie jẹ ọ̀kan. Thorpe kò jẹ ìkankan lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí àwọn ológun rí ojú ibòmíràn, nítorí pé bí wọ́n bá ti rí i tó mira, èèyàn méjì mẹ́ta ni yóò sáré tẹ̀ lé e, ọ̀nà yóò sì là fún Arcasa. 27 sí 6 ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

Ṣé òótọ́ ni pé Eisenhower wà lórí pápá lọ́jọ́ náà?

Òótọ́ ni. Dwight Eisenhower, ẹni tó di ọ̀gágun àgbà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tó sì di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1953, gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ ológun lọ́jọ́ náà. Ó wà lára àwọn tó gbìyànjú láti dá Thorpe dúró. Àwọn kan máa ń sọ pé Thorpe ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ìdíje tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n bá Tufts ṣe, ni orúnkún náà ti yẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi pàdánù lọ́wọ́ Yunifásítì Pennsylvania ní Philadelphia?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn West Point ni. Ìdíje kejìlá wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn, gbogbo agbára wọn ni wọ́n sì ti ná tán lórí àwọn ológun. Ikọ̀ Pennsylvania ti pàdánù ìdíje mélòó kan ní sáà náà, ìyẹn ló mú kí ó dunni jù.

Ṣé wọ́n gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ tó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà?

Rárá. Harvard, tí kò pàdánù ìdíje kankan, ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún 1912.

Owó tí eré náà ń mú wọlé ńkọ́?

Owó náà pọ̀, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ ló bọ́ sí. Wọ́n fi kọ́ ilé sínú ọgbà ilé-ìwé, Warner sì wà lára àwọn tí owó náà wà ní ìkáwọ́ wọn. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kọ̀wé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí ìjọba. Gus Welch, ẹni tó darí ikọ̀ sí West Point, ló ṣáájú wọn. Ní 1914, ìgbìmọ̀ láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá sí Carlisle láti yẹ ìwé owó wò, wọ́n sì fetí sí ẹ̀rí àwọn ọmọ lórí owó àti lórí bí wọ́n ṣe ń lu wọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé, Moses Friedman, pàdánù ipò rẹ̀. Warner náà kúrò, ó gba Pittsburgh lọ. Lójú tèmi, ìwé ẹ̀hónú yẹn ga ju touchdown èyíkéyìí tí Welch lọ́wọ́ sí lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí mẹ́dà Thorpe?

Ní oṣù Kínní ọdún 1913, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé Thorpe ti gba owó táṣẹ́rẹ́ fún gbígbá baseball ní North Carolina ní 1909 àti 1910. Òfin ìgbà náà kò gba ẹni tó bá ti gba owó eré láyè ní Òlíńpíìkì. Wọ́n gba mẹ́dà méjèèjì, wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìdíje náà sọ pé ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 30. Ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì ló ń ṣe ohun kan náà lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Thorpe lo orúkọ ara rẹ̀. Ó kú ní 1953 láìrí i gbà padà. Ní 1982, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíràn. Ó di ọdún 2022 kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìkan ló borí.

Ibo ni ilé-ìwé náà wà lónìí?

Wọ́n tì í ní ọdún 1918, bárékè náà sì padà sọ́wọ́ àwọn ológun. Ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ogun jíjà ti Amẹ́ríkà wà báyìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ààrẹ Joe Biden kéde ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ilẹ̀ ìrántí orílẹ̀-èdè. Pápá tí Thorpe, Welch àti Guyon ti sáré ṣì wà nínú ọgbà náà. Itẹ́ òkú náà wà níbẹ̀, òkúta funfun kéékèèké tó tò lọ ní ìlà, níbi tí wọ́n sin àwọn ọmọ tó kú sí ilé-ìwé náà sí. Láti ọdún 2017 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń hú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìdílé wọn bá ṣe ń béèrè, tí wọ́n sì ń gbé wọn lọ fún àwọn èèyàn wọn láti sin wọ́n sílé.